Ìtì Igi Ẹnu Ọ̀nà Baálẹ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí nínú wa? Bàbá tí ọmọ rẹ̀ kọ etí ikún ń pa á. Ẹni tí òwò rẹ̀ forí ṣánpọ́n ń pa á. Kódà àwọn tí kò tíì ṣubú rí ń pa á kí wọ́n lè dà bí àgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ fún mi ẹni tó ṣubú, ibi tó ti ṣubú, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó wẹ̀yìn, ẹ ó kàn máa wojú ara yín ni. Ẹ má bínú, n kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti pa òwe yìí títí kí n tó gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó dàgbà jù mí lọ, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.

Obìnrin kan ló ṣubú. Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú Ìdí-Ìyeyè tó ń gbé, kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Òkè-Apá ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé Òkè-Apá ni orúkọ ìlú tó ti wá. Ìlú ọ̀hún kò sí mọ́. Ó ti tú tipẹ́tipẹ́, igbó ti bò ó, ọ̀bọ ló sì ń ṣeré níbi tí ààfin wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó ń tú, Ẹfúnyẹmí pọn ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn, ó rìn títí ó fi dé Ìdí-Ìyeyè, Baálẹ̀ àgbà ìgbà náà sì fún un ní ilẹ̀ tó kọ́lé sí. Ọmọ tó pọ̀n wá, Àyọ̀ká, ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ti darúgbó, irun orí rẹ̀ ti funfun.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò kúrò ní Òkè-Apá. Ẹ sáà bá a jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ ni ẹ ó gbọ́. Bí ó bá mu omi, á ní omi yìí dára o, ṣùgbọ́n omi inú àpáta ìlú àwọn tutù jù ú lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí èso igi apá bá bẹ̀rẹ̀ sí í là nínú oko, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, á ní, "Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣe máa ń là lókè òrùlé wọn nígbà tó wà ní ìyàwó, tí Ọdẹ́wándé ọkọ rẹ̀ á máa ṣàwàdà pé àwọn igi ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ìyá, ṣé èèrà Òkè-Apá náà dára ju tiwa lọ ni?" Á ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́, pé èèrà Òkè-Apá kì í jẹ ọmọlúàbí. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ojú rẹ̀ á tún lọ jìnnà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí kò ní ilé tí yóò re ṣe? Àyọ̀ká, tó ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, a máa dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná bí ìyá rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú kí Ìdí-Ìyeyè ṣeé gbé fún Ìyá ni àṣà kan tí wọ́n ní. Ojúde Baálẹ̀ wọn tẹ́jú, ó gbòòrò, kò lọ́gbà, kò nílẹ̀kùn, igi ìyeyè ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn nínú ìlú, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà ṣe onílé tàbí àlejò, yóò mú ọwọ̀ tirẹ̀ láti ilé, yóò jí lọ sí ojúde, yóò gbá ìwọ̀n ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, yóò sì jókòó tì í. Èèwọ̀ ni kí Baálẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí wọ́n gbá kó tó béèrè pé, "Ta ló gbálẹ̀ yìí, kí ló wà nínú rẹ̀?" Ohun yòówù tí ẹni náà bá sì sọ, wọn kò gbọdọ̀ fi dì í sínú. Nígbà tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí aládùúgbò kan ń jẹ wọnú ilẹ̀ rẹ̀, òun náà mú ọwọ̀ lọ. Baálẹ̀ àgbà jáde, ó béèrè. Ìyá la ẹnu, kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ló ń sun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló pa á lẹ́kún. Ó ti pẹ́ tí olórí ìlú kan ti bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ àgbà wàjà, ọmọ rẹ̀ Oyèékànmí sì jẹ oyè. Ọmọ náà dára lójú, ó lawọ́, ó sì mọ àgbà í kí. Kò pẹ́ tó jẹ ló ní àánú àwọn àgbà ń ṣe òun. Ó ní, "Kí ló dé tí àwọn ìyá wa àti àwọn bàbá wa á máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójúde mi, tí ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n? Láti òní lọ, àwọn ìránṣẹ́ mi ni yóò máa gbá a." Inú ìlú dùn. Àwọn obìnrin kọrin yí igi ìyeyè po. Ìyá Òkè-Apá, tí ìbàdí ti ń yọ lẹ́nu, gbàdúrà fún un pé kó pẹ́ lórí oyè bí bàbá rẹ̀. Ta ni kò fẹ́ ìsinmi?

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àwọn ìránṣẹ́ ti gbá ojúde tónítóní. Bí ẹnìkan bá mú ọwọ̀ dé, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kò ní rí ewé kan ṣoṣo tí yóò gbá. Ojú á tì í, á sì gbé ọwọ̀ rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn ènìyàn kò mú ọwọ̀ wá mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Baálẹ̀ ní àwọn ewúrẹ́ ń ya ìgbẹ́ sí ibi tí wọ́n gbá. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà yí ojúde ká, wọ́n fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìtì igi kan dábùú rẹ̀, ó ga tó agbedeméjì ojúgun, kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Kí n má parọ́ fún yín, ewúrẹ́ ń wọlé. Òbúkọ Ìyálóde ń fò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń ṣeré. Àwọn àgbà ni kò lè fò ó. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á di ọgbà mú, wọ́n á gbé èkejì, wọn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní kùmọ̀ lọ́wọ́ wá ń jókòó ti igi náà. Aṣọ́bodè ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe gbogbo ìlú síbi àsè. Ó pa màlúù, ó ní kí wọ́n wá jẹun, kí wọ́n sì wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ náà ṣáájú. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn yóò sọ ọ́ fún aṣọ́bodè nídìí ìtì igi, aṣọ́bodè ni yóò sì gbé e wọlé lọ fún Baálẹ̀, kí nǹkan lè máa lọ létòlétò. Bí Baálẹ̀ bá ti sọ ọ́ tán, Ọ̀tún, tó jẹ́ àgbà ìjòyè, yóò dáhùn pé, "A gbà." Ìlú yóò gbè é. Bí wọ́n bá ti gbè é, ó di òfin nìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè yí i padà.

Ìyá, Àyọ̀ká, àti Àwẹ̀ró ọmọ Àyọ̀ká, jọ ń lọ lọ́sàn-án gangan. Òórùn ọbẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò. Àwẹ̀ró sáré ṣíwájú, ó fẹsẹ̀ kọ ìtì igi náà, ó dojú bolẹ̀. Ìyá rẹ̀ ké yéè. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sunkún. Ó gbé orí sókè, ó wo iwájú, ó rí àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ìkòkò ẹran, ó gbọn eruku nù, ó sì sáré lọ sọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ìyá ló kàn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá. Ẹsẹ̀ òsì kò bá a dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún lu ilẹ̀, ẹ̀rín sì dá lẹ́nu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sáré sí i láti gbé e dìde. Ó yọ ọwọ́ wọn kúrò lára rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ nínú eruku, ó yí ara rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí àsè, ó sì ń wo ohun tó gbé e ṣubú. Ìtì igi ni. Wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn sì ti ń dán an. Bí Ìyá ti ń wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó mọ igi yìí. Ó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gé e.

Ní Òkè-Apá, nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun, wọ́n gbé irú rẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà ààfin. Nítorí ewúrẹ́ náà ni, wọ́n ní. Ẹfúnyẹmí a máa ru omi lọ fún àwọn olorì, ó sì ń fò ó láìjẹ́ kí ẹ̀kán omi kan dà sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yangàn. Àwọn àgbà ń ṣubú níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fà wọ́n dìde pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn igi náà, ìlẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ọkùnrin kan dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń béèrè orúkọ ẹni. Nígbà tó ṣe, ó ń béèrè ohun tí ẹni fẹ́ sọ. Nígbà tó tún ṣe, ó ní Olú, ọba ìlú náà, ń sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí Olú wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko olóko, tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú àbúrò Ọdẹ́wándé, Ọdẹ́wándé wọ aṣọ tó mọ́, ó ní òun ń lọ béèrè. Ìlẹ̀kùn ṣí fún un, ó wọlé. Ẹfúnyẹmí dúró níta pẹ̀lú Àyọ̀ká lẹ́yìn rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó béèrè ọkọ rẹ̀, aṣọ́bodè wò ó lójú, ó ní, "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wọ ibí."

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ," Àyọ̀ká sọ. "Àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Èmi náà ń wo nǹkan."

"Kí lẹ ń wò?"

"Ohun tó gbé mi ṣubú."

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sí i létí. Ó ti mọ ìyá rẹ̀, ó sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ jáde. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Àlejò ni wá níbí. Ilẹ̀ wọn la kọ́lé sí. Bí wọ́n bá ní ká máa lọ, ibo la fẹ́ gbà? Ibo ni n ó sin yín sí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá lọ́kàn. Òótọ́ ni. Ẹni tó ti pàdánù ìlú kan mọ ohun tí ìlú jẹ́. Ó ti yan ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, lẹ́yìn ilé, nídìí ọsàn. Kò ní agbára láti tún di ẹrù mọ́. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde kí ó lọ jẹ ẹran bí àwọn yòókù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò ní ohun búburú lọ́kàn, àwàdà ló ń ṣe. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa fò ó bíi tiwa!"

Ìyá tún jókòó. Ó tú gèlè orí rẹ̀. Irun funfun yọ síta, àwọn obìnrin sì pariwo, nítorí pé wọn kò rí orí rẹ̀ ní ìta gbangba rí. Ó ká gèlè náà lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbá ilẹ̀ iwájú ìtì igi náà, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, títí ibẹ̀ fi mọ́.

Ariwo àsè dákẹ́. Nígbà tí Baálẹ̀ kò gbọ́ ohùn mọ́, ó dìde, ó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, aṣọ́bodè ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tó rí Ìyá nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ́ wá fà á dìde.

"Baálẹ̀, ẹ dúró." Ọ̀tún ló sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò tíì gba orí igi kọjá. "Wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n Ìyá ti gbàgbé pé mo ní àwọn tó ń gbá a. Ẹ dìde, Ìyá, kí wọ́n bu ẹran fún yín."

"N kò gbàgbé, Baálẹ̀," ni Ìyá wí.

Ọ̀tún tún ní, "Ẹ kò tíì béèrè."

Baálẹ̀ wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì wúwo nígbà tó ń sọ ọ́: "Ta ló gbálẹ̀ yìí? Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Èmi Ẹfúnyẹmí, ọmọ Òkè-Apá, ni mo gbá a," ni Ìyá dáhùn. "Ohun tó wà nínú mi kò pọ̀. Nígbà tí mò ń fi ọwọ̀ mi gbálẹ̀, ẹ máa ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ gba ọwọ̀ lọ́wọ́ mi, mo dúpẹ́, n kò sì mọ̀ pé ìbéèrè ni ẹ gbà lọ. Ẹ gbé igi yìí síbí, n kò sọ̀rọ̀. Lónìí, ẹ fẹ́ kí n máa sọ ti inú mi fún ẹni tó ní kùmọ̀. Ìlú mi tú láti ìdí irú igi yìí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí i. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, n ó lọ, ṣùgbọ́n n kò ní dákẹ́ lójú igi yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Ojú Baálẹ̀ yí padà. "Ìyá, ewúrẹ́ ni mo gbé e sílẹ̀ fún o. N kò ro ibi kankan."

"Mo gbà yín gbọ́, ọmọ mi. Olú tiwa náà kò ro ibi lọ́jọ́ tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn rere ni. Ó máa ń bá opó kọ́lé. Nígbà tó wá ń ro ibi, kò sí ọ̀nà mọ́ tí a lè gbà sọ fún un."

Aṣọ́bodè kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé kùmọ̀ sókè lórí Ìyá. Àyọ̀ká fi ara bo ìyá rẹ̀. Baálẹ̀ ké mọ́ ọn pé, "Ta ló ní kí o gbé e sókè?"

Ọkùnrin náà dúró, kùmọ̀ ṣì wà lókè, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí kò lóye. Ó ní, "Kò sí ẹni tó ní kí n gbé e, Baálẹ̀. Ṣebí iṣẹ́ mi ni."

Baálẹ̀ ń wo kùmọ̀ náà.

Ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra jókòó lórí ìtì igi náà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Èmi náà ṣubú níbí lọ́jọ́ ọjà tó kọjá," ó ní. "Mo wò yíká, mo ní kò sẹ́ni tó rí mi, mo gbọn aṣọ mi, mo sì ń kọrin lọ sílé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyálóde ní orúnkún òun tí ẹ rí tó wú yẹn, àwọn tí òun sọ fún pé òun fi kọ ẹsẹ̀ ibùsùn, irọ́ ni òun pa fún wọn. Olóyè mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mejì ni tòun. Ó wá hàn pé kò sí àgbà kan ní Ìdí-Ìyeyè tí igi yẹn kò tíì gbé ṣubú, olúkúlùkù wọn sì ti fi í pamọ́, nítorí pé ó rò pé ẹsẹ̀ òun nìkan ni ogbó ti dé bá.

Ọ̀tún ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. N kò ní wọlé lónìí. Bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ní sọ pé a gbà." Ìyálóde bá a jókòó sórí igi. Àwọn tó kù lẹ́yìn wọn jókòó sílẹ̀ níta. Àwọn tó ti wọlé dìde nídìí ẹran, wọ́n ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Ìyá, Àyọ̀ká, Baálẹ̀, aṣọ́bodè, àti àwọn ọmọdé tí ẹnu wọn kún.

Baálẹ̀ dúró pẹ́. Àwọn kan sọ pé ẹkún ló ń sun, àwọn mìíràn ní ìbínú ni. Èmi kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó gba kùmọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó yí ibi tí Ìyá gbá ká láìtẹ̀ ẹ́, ó sì sọ fún àwọn ìránṣẹ́ pé, "Ẹ gbé igi yìí kúrò. Ẹ má sì gbá ojúde mi mọ́." Ọ̀tún ní kí wọ́n fara balẹ̀ kí òun kọ́kọ́ dìde lórí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ń ki Ìyá láti ilé dé ilé. Wọ́n gbé ẹran wá fún un, èyí tó pọ̀. Àyọ̀ká bá Ìyá lẹ́yìnkùlé níbi tó jókòó sí, tó kọjú sí ọ̀nà Òkè-Apá, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ bí òjò.

"Ìyá, ẹ ti borí. Wọn kò lé wa. Kí lẹ tún ń sunkún sí?"

"Ìlú tí mo fẹ́ gbà là kọ́ ni mo gbà là," ni Ìyá wí. Ó sunkún títí kó tó tún lè sọ̀rọ̀. "Bàbá ọkọ mi ṣubú lójú mi ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Ó jókòó sílẹ̀ bí mo ṣe jókòó lónìí. Kò dìde. Ó yí padà, ó ń wo igi yẹn. Omi wà lórí mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní, 'Bàbá, ẹ máa fò ó bíi tiwa.' Àyọ̀ká, Bàbá gbójú sókè wò mí. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe mí tí n kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò?"

Àyọ̀ká jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ tí ilẹ̀ ti bó. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ́? Bàbá bàbá mi, kí ni orúkọ wọn?"

Ìyá wò ó. Kò sí ẹni tó ti bi í rí. Ó nu ojú rẹ̀, ó dárúkọ ọkùnrin náà, ó dárúkọ bàbá tó bí i, ó sọ ibi tí ilé wọn wà nígbà tí ènìyàn bá ń ti odò bọ̀. Ọbẹ̀ ń jóná lórí iná nínú ilé, òórùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àyọ̀ká kò dìde.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Nígbà tí àwọn ará Ìdí-Ìyeyè ń sọ ìtàn ọjọ́ náà, wọ́n á ní Àwẹ̀ró ṣubú, ó wo iwájú. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di òwe nìyẹn. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé tàbí nínú ìlú, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sọ pé ohun tó ti kọjá ti kọjá, pé kí a dìde kí a máa lọ síbi àsè. Kì í ṣe pé àgbà kò fẹ́ dìde, kì í sì í ṣe pé ebi kò pa á. Ó fẹ́ mọ ohun tó gbé òun ṣubú kí ẹlòmíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àgbà kan tó jókòó nínú eruku tó ń wẹ̀yìn, ẹ má tíì fà á dìde. Ẹ bi í pé kí ló ń wò.